Ìdọ̀bálẹ̀ Kan Lójúmọ́

Ọjọ́ Àìkú, 5 Júùnù 1988. Ọ̀yọ́.

Òjò láti ìdájí. Ọ̀fìnkìn tó mú Kabir lọ́sẹ̀ tó kọjá ti lọ, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò tíì bọ̀ sípò. Ó ní kí n gbé òun pọ̀n. Ọmọ ọdún mẹ́jọ! Mo bi í bóyá kí n kúkú tún fún un lọ́mú. Kò rẹ́rìn-ín. Kabir tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi balẹ̀ kó tó fèsì, ó kàn gbé orí lé ẹsẹ̀ máṣìn ìránṣọ mi. Mo rán bùbá méjì, mo sì tún tú ọ̀kan, nítorí ọkàn mi kò sí nídìí iṣẹ́.

Ọjọ́rú, 8 Júùnù.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá pè é lọ gbá bọ́ọ̀lù. Kò pẹ́ tí mo fi rí i lábẹ́ àtíbàbà àwọn oníṣẹ́ awọ níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ó jókòó, ó fọwọ́ di ikùn mú. Bàbá rẹ̀ ní ibà ni. Oníkẹ́míìsì ọjà Akẹ́sán náà ní ibà ni. Ó fún wa ní oògùn ibà tó ń mú ara yún ènìyàn, ọmọ náà sì ń họ ara títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Júùnù.

Oògùn náà kò dúró nínú rẹ̀, ó bì í. Èémí rẹ̀ ń yára. Níbi tí a gbé e lọ ládùúgbò, wọ́n ní òtútù àyà ni, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Ó sunkún, ẹkún gidi, síbẹ̀ kí a tó kúrò ó dọ̀bálẹ̀ fún nọ́ọ̀sì tó gún un, ó ní, "Ẹ ṣeun, mà." Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ wò mí. Orí mi wú.

Ọjọ́ Ajé, 13 Júùnù.

Abẹ́rẹ́ kò ràn án. Kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́, ìjókòó ló ń sùn. Ojú rẹ̀ wú láàárọ̀. Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ mi, wá dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Ràmọ́tà, ọmọ yìí ń mí bí ẹni tó ru igi dé láti oko, bẹ́ẹ̀ orí ìjókòó ló wà. Ẹ gbé Àlàmú lọ ilé ìwòsàn Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́la. Ẹ má ṣe bi ẹnikẹ́ni mọ́." Àlàmú ni wọ́n ń pe Kabir, wọn kì í pe orúkọ tí Áfáà sọ ọ́ láéláé. Tí Ìyá Àgbà bá sì ti sọ̀rọ̀ tán nínú ilé yìí, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Júùnù. Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọkọ̀ láti Òwòdé l'Ọ̀yọ́ dé Takie n'Ògbómọ̀ṣọ́ ti di náírà márùn-ún. Ihò tó wà lójú ọ̀nà kò sì dín owó kankan kù fún wa.

Ọ̀dọ́ ni Dókítà Ọládépò tó rí wa nílé ìwòsàn, ó tín-ín-rín, etí rẹ̀ sì tóbi. Mo rò ó lọ́kàn pé Ọlọ́run ti mọ̀ pé àyà ènìyàn ni yóò máa gbọ́. Kabir tí bàbá rẹ̀ gbé sẹ́yìn wọlé, ó ní kí wọ́n sọ òun kalẹ̀. Kí n tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti nà gbalaja sórí símẹ́ǹtì: "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Dókítà ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ dáadáa." Pẹ̀lú bí àyà rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò tó yẹn, kò gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé.

Dókítà gbọ́ iwájú, ó gbọ́ ẹ̀yìn, ó di ojú. Ó tẹ abẹ́ egungun ìhà rẹ̀ lápá ọ̀tún, Kabir sì kígbe. Ó wá sọ fún bàbá rẹ̀ pé, "Ibà ara rẹ̀ kò pọ̀. Ọkàn rẹ̀ ń sáré ju ohun tí ibà kékeré yìí lè fà lọ. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ náà ti wú. Mi ò rò pé òtútù àyà ni." Wọ́n yà á ní fọ́tò àyà. Wọ́n tún ní ẹ̀rọ kan tó ń kọ ìrìn ọkàn sórí bébà, ṣùgbọ́n a dúró de NẸ́PÀ títí di ọ̀sán kó tó ṣiṣẹ́. Dókítà gbé fọ́tò náà sójú fèrèsé. Ọkàn tó yẹ kó tó ìkúùkù ọmọ náà ti gbalẹ̀ kọjá ààyè rẹ̀.

Ó ní, "Kòkòrò tó gbé ọ̀fìnkìn yẹn wá ni. Ó kúrò nímú, ó lọ bá ẹran ọkàn jà. Ẹran náà wú, kò lágbára mọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ jáde dáadáa."

Mo ní, "Ẹ gún un lábẹ́rẹ́ tó le jùlọ. Owó ò ṣòro."

Irọ́ ni, owó ṣòro.

"Kò sí abẹ́rẹ́ tó ń pa kòkòrò yìí, mà. A ó fún un ní oògùn tí yóò fa omi kúrò lára rẹ̀, àti hóró kékeré kan tí yóò ran ọkàn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìsinmi gan-an ni oògùn. Tí ẹsẹ̀ bá wú, a ó ní kí ẹni náà jókòó. Ọkàn ò lè jókòó, àfi kí a bá a dín iṣẹ́ rẹ̀ kù."

Bàbá Kabir bi í ohun tí èmi kò lè bi í. Ó ní, "Ṣé yóò yè?"

"Púpọ̀ nínú wọn ń yè, tí ọkàn bá sinmi. Tí kò bá sinmi, mi ò ní purọ́ fún yín."

Ọjọ́bọ̀, 16 Júùnù.

Wọ́n fi afẹ́fẹ́ inú sílíńdà sí i nímú. Mi ò lè kọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Júùnù.

Àlùhàmdùlílà! Ó tọ̀, ó tún tọ̀, ó tọ̀ títí tí a fi ń bá a yọ̀. Wíwú ojú rẹ̀ ti lọ. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Ó jí, ó ní ebi ń pa òun, mo fún un ní ẹ̀wà tí kò ní iyọ̀ bí dókítà ṣe wí. Ó jẹ ṣíbí kan, ó wò mí tàánútàánú, ó ní, "Ìyá mi, ṣé inú ń bí yín sí mi ni?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹnu rẹ̀ ti dé.

Ọjọ́rú, 22 Júùnù.

Sístà Àtinúkẹ́, olórí nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di ọrùn ọwọ́ mú láti ka bí ọkàn ṣe ń lù. Ìka méjì, kí n má tẹ̀ ẹ́ jù. Mo ti kà á lára ara mi, lára bàbá Kabir, àti lára ìyá alálùbọ́sà Sábó, ìyá Waliyat tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì. Waliyat ṣubú lórí igi máńgòrò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, wọ́n so ó rọ̀ mọ́ irin. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń lọ káàkiri.

Ohun kan ń yà wá lẹ́nu. Tí mo bá ka ti Kabir lọ́sàn-án nígbà tó ń tòògbé, ó ń lọ jẹ́jẹ́. Tí dókítà bá dé láàárọ̀, ó ti ń sáré. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí àwọn alábẹ̀wò wọlé, ó tún ń sáré. Dókítà yí oògùn padà díẹ̀. Ìyẹn ò yí nǹkan kan padà.

Ọjọ́ Àìkú, 26 Júùnù.

Òjò bí ẹni pé wọ́n yí odò dànù. Ọkọ̀ kankan kò ti Ọ̀yọ́ dé, alábẹ̀wò kankan kò wọ wọ́ọ̀dù. Dókítà kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ọkàn Kabir ń lọ bí ti ọmọ tára rẹ̀ le. Èmi àti Sístà bọ ara wa lọ́wọ́. Ó ní bóyá òtútù ló bá a lára mu. Mo ní tó bá jẹ́ òtútù ni, mo máa lọ gbé yìnyín wá láti Takie.

Ọjọ́ Ajé, 27 Júùnù.

Ayọ̀ wa ò pẹ́. Oòrùn ràn, ọkọ̀ rìn. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ oníṣẹ́ awọ wá láti odidi Ọ̀yọ́, pẹ̀lú ọsàn àti búrẹ́dì. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ọkàn ọmọ mi ń lù débi pé mo ń rí i láti orí aṣọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ti fẹ́ máa wú.

Dókítà pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní òun ò lè fi kún hóró kékeré náà, torí pé ọkàn tó wú kì í gba púpọ̀ rẹ̀, ó lè pa á lára. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ títí di Ẹtì, a ó gbé e lọ Ìbàdàn. Mo ní, "Ṣé ó lè fara da ọ̀nà?" Ó yíjú sí bẹ́ẹ̀dì Kabir, mo sì gbọ́ èsì náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 Júùnù.

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, torí ó ń pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì ń pa mí lẹ́kún.

Áfáà kan láti Takie wá ṣe àdúà fún àwọn ọmọ láàárọ̀. Lẹ́yìn tó lọ, Waliyat yọ orí sí mi. Ó ní, "Ìyá Kabir, ṣé ìrun ni ọmọ yín ń kí ni? Gbogbo ìgbà ló ń lọ sílẹ̀, tó tún ń gun òkè. Èmi tí wọ́n so mọ́ irin ni mò ń sinmi jù ú lọ."

Mo gbé ọwọ́ lérí. Mo rántí àwọn àgbà àná. Bí wọ́n ṣe ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ́kọ̀ọ̀kan ni Kabir ń sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì gíga yẹn, tó ń nà gbalaja, tó ń dìde, tó ń gun bẹ́ẹ̀dì padà. Èyí tó kẹ́yìn wọlé, ó ti rẹ ọmọ náà, kò tètè sọ̀ kalẹ̀. Ta ló ní, "Kabir, o ò rí wọn ni?" Èmi ni. Èmi Ràmọ́tà.

Gbogbo wa la rí i, kò sì sí ẹni tó rí i. Ní ilẹ̀ wa, ta ló ń kíyè sí ọmọ tó dọ̀bálẹ̀? Ọmọ tí kò dọ̀bálẹ̀ là ń rí.

Mo sáré bá Dókítà Ọládépò. Ó bọ́ ohun tó fi ń gbọ́ àyà kúrò lọ́rùn, ó jókòó. "Èmi náà," ló ní. "Àràárọ̀ ló ń dọ̀bálẹ̀ fún mi. Tó bá dìde tán ni mo máa ń di ọwọ́ rẹ̀ mú, tí mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkàn rẹ̀ ń sáré." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Sístà Àtinúkẹ́ náà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 29 Júùnù.

Òfin ti jáde: Kabir kò gbọdọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé yóò dùn mọ́ ọn. Omi kún ojú rẹ̀. "Wọn ò ní sọ pé ẹ ò kọ́ mi bí?" Mo ní kò sí ẹni tí yóò sọ bẹ́ẹ̀. "Ìyá Àgbà ńkọ́? Ṣé Ìyá Àgbà ti gbọ́?"

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ wọlé. Kabir fa aṣọ bo orí. Nígbà tí mo ṣí i, ó ti làágùn, ọkàn rẹ̀ sì ń sáré ju ti ìgbà tó ń dọ̀bálẹ̀ lọ. Dókítà mi orí. Ó ní ìtìjú náà iṣẹ́ ni.

Mo ránṣẹ́ sí Ọ̀yọ́ lọ́wọ́ dírẹ́bà. Ìyá Àgbà tó fi ìdọ̀bálẹ̀ ṣòfin nílé wa ló lè tú u. Ẹ̀rù Ìyá Àgbà bà mí, mi ò ní purọ́. Ọdún tí mo dé ilé ọkọ, mo kí wọn láìjẹ́ kí orúnkún mi kanlẹ̀ dáadáa, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọn ò fi jẹ oúnjẹ mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 1 Júláì.

Wọ́n dé! Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, mi ò rí irú èyí rí.

Kabir gbọ́ ohùn wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ju ẹsẹ̀ kan sílẹ̀. Ìyá Àgbà nawọ́ sí i. "Àlàmú, dúró síbẹ̀. Ta ló kọ́ ọ láti máa kí ènìyàn?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Èmi náà ni mo sọ pé kí o dúró. Ìkíni tí o jẹ gbogbo ayé, èmi ni yóò máa bá ọ kí i títí ara rẹ yóò fi le. Tí mo bá ti kí ẹnì kan, ìwọ lo kí i. O gbọ́?"

Ó gbọ́, ṣùgbọ́n kò gbà gbọ́, mo rí i lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Sístà Àtinúkẹ́ wọlé pẹ̀lú àwo oògùn. Ìyá Àgbà gbá ìró wọn jọ, wọ́n fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ níwájú ọmọbìnrin náà. "Àlàmú ní kí n kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, mà."

Díẹ̀ ló kù kí àwo já lọ́wọ́ Sístà. "Háà! Ìyá! Ẹ dìde o, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ má pa mí!" Òun náà ti kúnlẹ̀. Dókítà wá wo ohun tó fa ariwo, Ìyá Àgbà yí orúnkún sọ́dọ̀ rẹ̀: "Àlàmú ní kí n kí yín, dókítà." Dókítà, ọmọlúàbí, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó nà gbalaja sórí símẹ́ǹtì, tòun ti kóòtù funfun.

Kabir wo gbogbo wa nílẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pẹ́ débi pé ìyá alálùbọ́sà wá wò ó láti ìta. Lẹ́yìn náà ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì sùn.

Ọjọ́ Àìkú, 3 Júláì.

Ìyá Àgbà gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Alábẹ̀wò tó bá dé, wọn á kúnlẹ̀ fún un: "Àlàmú ní kí n kí yín." Ta ló fẹ́ kí àgbà bẹ́ẹ̀ kúnlẹ̀ fún òun? Àwọn ènìyàn ti ń kí wa láti ojú fèrèsé báyìí, wọ́n ń gbé ọsàn kalẹ̀, wọ́n ń sá lọ. Wọ́ọ̀dù parọ́rọ́. Waliyat ní kí Ìyá Àgbà má lọ mọ́.

Wọn kì í ki Kabir ní oríkì mọ́ o. Ọmọ tí wọ́n ń kì láràárọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i! Wọ́n ní oríkì máa ń mú orí wú, àwọn ò sì mọ̀ bóyá ó ń mú ọkàn náà wú. Ìgbà míì mo máa ń rí i tí ètè wọn ń mì tí ohùn ò jáde.

Ọjọ́bọ̀, 7 Júláì.

Jẹ́jẹ́ láàárọ̀. Jẹ́jẹ́ nírọ̀lẹ́. Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ Ìbàdàn mọ́. Mọ́ínmọ́ín tí kò níyọ̀, ó jẹ ẹ́ tán, ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó dùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Júláì.

Wọ́n tún yà á ní fọ́tò àyà. Dókítà gbé ti àkọ́kọ́ àti tuntun sójú fèrèsé pọ̀. Kò ní láti ṣàlàyé. Ọkàn ọmọ mi ti ń padà sí ààyè rẹ̀! Mo dì mọ́ Sístà, mo dì mọ́ ìyá alálùbọ́sà. Orúnkún ọ̀tún ti ń dun Ìyá Àgbà, mo fi òrí ra á, wọ́n sì jẹ́ kí n ra á.

Ọjọ́ Ajé, 18 Júláì. Ọ̀yọ́.

A ti délé. Hóró kékeré ń tẹ̀síwájú, iyọ̀ kò tíì wọlé, bọ́ọ̀lù di ọdún tó ń bọ̀, a ó sì máa padà lọ Ògbómọ̀ṣọ́ fún àyẹ̀wò. Nígbà tí a fẹ́ máa bọ̀, Kabir bi dókítà léèrè ìgbà tí òun lè bẹ̀rẹ̀ sí í kí ènìyàn. Dókítà rò ó dáadáa, ó sọ ọ́ bí ẹni ń kọ oògùn: "Bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Iléyá. Ìdọ̀bálẹ̀ kan lójúmọ́. Rọra lọ sílẹ̀, rọra dìde. Kò gbọdọ̀ di méjì."

Ọjọ́bọ̀, 21 Júláì.

Ìjà ti dé ilé wa. Ta ni yóò gba ti àkọ́kọ́? Bàbá Kabir ní òun ni bàbá, òun ló ra àgbò, owó àgbò ọdún yìí sì lè ra ilẹ̀. Mo ní ta ló lóyún rẹ̀? Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní òun lòun dàgbà jù. Áfáà àdúgbò náà ti ránṣẹ́. A bi Kabir, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọlọ́jà tó mọ̀ pé ọjà òun nìkan ló kù. Ìyá Àgbà kò bá wa dá sí i. Wọ́n ní bàbá ọmọ ló ni ín, ọ̀rọ̀ tán.

Ọjọ́ Àìkú, 24 Júláì. Iléyá.

Ojú ọjọ́ mọ́ gaara. Mo rán aṣọ tuntun fún Kabir, mo fi àyè sílẹ̀ níbi àyà torí mo fẹ́ kó sanra. Kò lọ yídì, ó jókòó sórí àga ní gbàgede, ènìyàn sì ń wọlé lẹ́yìn ìrun. Ìyá Àgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Bàbá Kabir ti pa àgbò, ó fọwọ́, ó wọ agbádá, ó dúró síbi tí ọmọ náà ti lè rí i dáadáa. Èmi náà ò jìnnà.

Áfáà wọlé. Ìyá Àgbà gbá ìró jọ, wọ́n fọwọ́ ti ògiri, torí orúnkún yẹn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. "Àlàmú ní kí n kí..."

"Ìyá Àgbà, ẹ dìde."

Kabir ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Ó di ọwọ́ wọn mú títí wọ́n fi dúró ṣánṣán. Ó wá rọra lọ sílẹ̀ bí dókítà ṣe wí, ó na aṣọ tuntun mọ́ erùpẹ̀, ó fi àyà kanlẹ̀ níwájú wọn. Ó ní, "Gbogbo èyí tí ẹ bá mi kí, mà, òun rèé."

Nílé wa, ọmọ kì í dìde títí oríkì yóò fi parí. Ìyá Àgbà la ẹnu, ohùn ò jáde. Wọ́n tún là á. "Àlàmú," ni wọ́n wí, omijé sì gba ìyókù. Ọmọ náà ò mira. Ó wá di ẹ̀ẹ̀kẹta kí ohùn náà tó jáde, ó sì jáde tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà lójú ọ̀nà fi dúró: "Àlàmú, ọmọ a-rán-awọ-bí-ẹni-rán-aṣọ! Ọmọ a-tẹ́-awọ-f'ọ́ba-jókòó! Àlàmú mi, èyí tó lọ tó bọ̀!" Wọ́n kì í, wọ́n kì í, gbogbo èyí tí wọ́n ti gbé mì láti ọjọ́ Ògbómọ̀ṣọ́.

Nígbà tó dìde, mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ìka méjì, mi ò tẹ̀ ẹ́ jù. Gbogbo ilé ń wo ẹnu mi. Mo kà á, mo tún un kà.

Jẹ́jẹ́ ló ń lọ.

Bàbá Kabir ní ọ̀la ni tòun. Mo ní kó tò sẹ́yìn mi.